Orógbó, Eku Funfun àti Oníbodè Inú Ara

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dáná oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́, ẹ má pa rédíò yín o. Ẹ yí i sókè díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí ìdí ààrò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ oògùn tí a ń lò bí ara bá ń ro wá ni. Ọ̀rọ̀ ewé àti èso ni pẹ̀lú, àwọn èyí tí a ń dán wò nínú yàrá ìwádìí, bóyá wọ́n lè gba ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oògùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo lọ ra orógbó ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ìkómọ la fẹ́ ṣe nílé wa. Ìyá tó ń tà á mọ̀ pé yàrá ìwádìí ni iṣẹ́ mi wà. Bó ṣe ń ka orógbó sínú ọ̀rá, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ̀yin ará yunifásítì ń fún eku ní orógbó jẹ. Kí ni eku fẹ́ fi orógbó ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé a fẹ́ mọ̀ bóyá orógbó lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ nígbà tí oògùn bá fẹ́ bà á jẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Èmi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ń ro mí, mo máa ń lo paracetamol méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì nírọ̀lẹ́, méjì kí n tó sùn. Bí ọ̀fìnkìn bá tún dé, màá fi oògùn ọ̀fìnkìn lé e. Lẹ́yìn náà, màá jẹ orógbó kan kí ó lè fọ ẹ̀dọ̀ mi mọ́. Orógbó yìí, ṣé ó jẹ́ àbí kò jẹ́?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìbéèrè ìyá yìí ni n óò dáhùn lónìí. Ṣé ó jẹ́ àbí kò jẹ́? Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dọ̀ yín lé orí òróòro, kí a jọ rìn ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nínú ara? Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí láyé àtijọ́. Odi yí ìlú ká, ẹnubodè wà lára odi, oníbodè sì jókòó síbẹ̀ tọ̀sán tòru. Kò sí ẹrù tó fẹ́ wọ ìlú tí oníbodè kò ní yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀ rí. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló jókòó sí. Ti àgbàlagbà máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù kan àtààbọ̀. Ohun tí a bá jẹ tàbí tí a bá mu, bó bá ti kúrò nínú ìfun tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Ẹ̀dọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wúlò á kọjá. Èyí tó lè ṣe ara níbi, ẹ̀dọ̀ á yí i padà, á sì tì í síta, yálà nínú ìtọ̀ tàbí nínú ìgbẹ́.

Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀. Ẹni tó bá sì jókòó sí ẹnubodè, òun ni ogun máa ń kọ́kọ́ bá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí oògùn bá fẹ́ di májèlé, ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú paracetamol. Èmi kò pè é ní ọ̀tá o. Oògùn dáadáa ni. Ó ń dín ibà kù, ó ń pẹ̀rọ̀ sí orí fífọ́ àti ara ríro, kò sì sí ilé tí kò sí. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ lò ju 4,000 mílígíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí a sábà máa ń rà jẹ́ 500 mílígíráàmù. Ìyẹn ni pé 8 ni òpin. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: òpin ni 8, kì í ṣe iye tí a gbọ́dọ̀ lò pé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi, ẹni tó ń mu ọtí dáadáa, ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, tiwọn gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ti ọmọdé sì wà lọ́tọ̀. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn tirẹ̀.

Kí ló dé tí ìwọ̀n yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹnubodè. Bí paracetamol bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ máa ń sọ di ohun tí kò lè pani lára, tí ìtọ̀ á sì gbé jáde. Ṣùgbọ́n apá kékeré kan máa ń yí padà di nǹkan burúkú. Olè ni nǹkan yìí. Bí ó bá ráyè, á jó ẹ̀dọ̀ láti inú.

Ṣé ẹ̀dọ̀ wá kàn jókòó, tó ń wò ó ni? Rárá o. Ẹ̀dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Glutathione ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Ẹ̀ṣọ́ kan, olè kan: ẹ̀ṣọ́ á di olè mú, àwọn méjèèjì á sì jọ bá ti ìta lọ. Bí oògùn bá wà ní ìwọ̀n, olè á kéré, ẹ̀ṣọ́ á sì tó. Lọ́jọ́ tí olè bá pọ̀ ju ẹ̀ṣọ́ lọ ńkọ́? Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀ṣọ́ á tán lẹ́nubodè, tí olè á sì máa ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Kì í ṣe àná ni ayé mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1966 ni àwọn dókítà ní ilẹ̀ Bírítéènì ròyìn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé ẹ̀dọ̀ àwọn tó lo paracetamol ní àlòjù bàjẹ́ kọjá ààlà. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olè àti ẹ̀ṣọ́ tí mo sọ fún yín yìí. Títí di òní, ní Bírítéènì àti ní Amẹ́ríkà, paracetamol ni olórí ohun tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ ènìyàn daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé kì í tètè fara hàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ èébì díẹ̀, tàbí kí oúnjẹ má wu ènìyàn jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ara lè dà bí ẹni pé ó ti ń balẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kẹta kí ojú tó pọ́n bí omi ata ilẹ̀ pupa. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. N-acetylcysteine ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń bá ẹ̀dọ̀ kó ẹ̀ṣọ́ tuntun jọ. Ṣùgbọ́n ó dára jù kí aláìsàn rí i gbà láàárín wákàtí 8 sí ìgbà tó lo paracetamol jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo paracetamol jù, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, kó má dúró de ìgbà tí ojú á pọ́n. Kó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ó dáa. A ti mọ olè, a ti mọ ẹ̀ṣọ́. Níbo wá ni ewé ti wọlé sí ọ̀rọ̀ yìí?

Ibi tó ti wọlé nìyí. Àwọn baba ńlá wa mọ ewé, wọ́n mọ egbò, wọ́n mọ èso. Bí ojú bá pọ́n, wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń sè. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó bá gbọ́n kì í fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Kì í sì í gbé e mì bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á ní: ẹ jẹ́ ká dán an wò. Báwo la ṣe ń dán an wò? Ẹ tẹ̀ lé mi.

Ewé náà ní àwọn ẹnubodè tó gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹnubodè àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ẹ mọ̀ pé orúkọ kan lè wà fún ewé mẹ́ta, kí ewé kan sì ní orúkọ mẹ́rin láti ìlú kan sí èkejì. Nítorí náà, a kì í fi ẹnu lásán pe ewé. A óò gé ẹ̀ka rẹ̀ tòun ti ewé àti òdòdó tàbí èso, a óò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ fún ìdámọ̀. Ọ̀kan tó lórúkọ wà ní Ìbàdàn níbí, ní àdúgbò Jericho, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó. Àwọn tó mọ ewé níbẹ̀ á dá a mọ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ọgbọ̀n ọdún sí i pé ewé wo lẹ lò gan-an, a óò lè tọ́ka sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, a óò sá a sí abẹ́ òjìji. A kì í sá a sí oòrùn tó mú janjan, kí agbára rẹ̀ má bàa sọnù. A óò lọ̀ ọ́ kúnná, a óò rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sínú ọtí líle tí a ń pè ní ethanol, a óò sẹ́ ẹ, a óò sì jẹ́ kí omi tàbí ọtí náà gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni oje ògidì. Ẹ ò rí i pé kò jìnnà sí ohun tí alágbo ń ṣe? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ìwọ̀n. Àwa ń kọ ọ́ sílẹ̀: báyìí ni ewé ṣe wúwo tó, báyìí ni oje tó jáde ṣe pọ̀ tó, iye báyìí ni eku kan gbà nínú rẹ̀.

Ó wá kan àwọn eku funfun inú àgò. A máa ń pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan, omi lásán là ń fún un. Ọ̀wọ́ kejì á gba paracetamol tó pọ̀ dé ibi tí ẹ̀dọ̀ á ti fara pa. Ọ̀wọ́ kẹta á gba oje ewé náà pẹ̀lú paracetamol. Ọ̀wọ́ kẹrin á gba paracetamol pẹ̀lú asà ẹ̀dọ̀ tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, irú bíi silymarin, tí wọ́n ń yọ lára irúgbìn ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ní Yúróòpù. Ọ̀wọ́ karùn-ún á gba oje ewé náà nìkan.

Kí nìdí tí a fi ń fún ọ̀wọ́ karùn-ún ní oje ewé nìkan? Ìdí ni pé ẹni tó fẹ́ gba ìlú sílẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ni yóò kó ìlú. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ewé náà fúnra rẹ̀ kì í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Báwo la ṣe wá ń mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ fara pa? Bí ìkòkò bá sán, omi inú rẹ̀ á máa jò. Ẹ̀dọ̀ náà ní àwọn ohun tó ń lò nínú ara rẹ̀, tí kò yẹ kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn dókítà ń pè ní ALT, èkejì ni AST. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ eku tí a sì rí i pé àwọn méjèèjì ti pọ̀ jù, ìkòkò ti sán nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò gé ẹ̀dọ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a óò fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ẹni tó ń wò ó kò gbọdọ̀ mọ eku tó gba ewé àti eku tí kò gbà á, kí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ má bàa yí ohun tí ojú rẹ̀ rí padà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ gbólóhùn kan nípa àwọn eku yìí o. Ẹ̀mí ni wọ́n. A gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ kí a tó lò wọ́n, iye wọn kò gbọdọ̀ ju ohun tí a nílò lọ, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n jẹ ìrora tí a lè yẹ̀. Ìwádìí tí a bá ṣe wúruwùru, ẹ̀mí la fi ṣòfò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ orógbó ìyá wa. Kí ni eku sọ?

Orógbó ní nǹkan kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kolaviron. Láti àwọn ọdún 1980 ni olùwádìí kan, Maurice Iwu, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ìdí orógbó. Ní ọdún 1987, wọ́n tẹ èsì kan jáde pé àwọn ohun tí wọ́n yọ nínú orógbó dín ọṣẹ́ kù lára ẹ̀dọ̀ ẹranko tí wọ́n fún ní oríṣiríṣi májèlé. Ní ọdún 1990, àwọn olùwádìí méjì, Akintonwa àti Essien, fi paracetamol dán an wò lára eku, wọ́n sì rí i pé oje orógbó dáàbò bo ẹ̀dọ̀ wọn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí kolaviron yìí kan náà. Orógbó nìkan kọ́. Àwọn olùwádìí ní Èkó dán ewúro náà wò lára èlírí tí wọ́n fún ní paracetamol, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2006 pé ó dín ọṣẹ́ náà kù.

Inú mi dùn láti sọ èyí lórí afẹ́fẹ́. Èso ilẹ̀ wa ni, ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé orógbó jẹ́, ẹ lè dáhùn pé: nínú eku, ó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, nínú eku ni mo wí o. Ẹ má tíì dìde. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ìgbà wo ni eku jẹ orógbó? Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò báyìí, wọ́n máa ń fún eku ní oje ewé fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó fún un ní májèlé. Ẹ̀ṣọ́ ti dúró kí olè tó dé. Ènìyàn ńkọ́? Ta ló mọ ọjọ́ tí òun yóò ṣèèṣì lo oògùn jù? Lẹ́yìn tí olè ti wọlé ni ènìyàn máa ń sáré wá asà. Asà tó ṣiṣẹ́ kí ogun tó dé lè má ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ogun ti kó ìlú.

Ìbéèrè kejì: ṣé eku ni ènìyàn? Ẹ̀dọ̀ eku ńlá lágbára ju tiwa lọ lórí ọ̀rọ̀ paracetamol. Ó máa ń fara dà á. Èlírí ló sún mọ́ ènìyàn jù níbi ìpalára yìí. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi eku ńlá ṣe ìdánwò tó sì ní òun ti rí asà, a óò yìn ín, a ó sì tún sọ fún un pé kó lọ dán an wò lára èlírí.

Ìbéèrè kẹta ló ń dẹ́rù bà mí jù: báwo ni ewé náà ṣe dáàbò bo ẹ̀dọ̀? Ọ̀nà méjì ni ó lè gbà. Ó lè jẹ́ pé ó kún ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Ìyẹn dára. Ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló ti ìlẹ̀kùn ibi tí ẹ̀dọ̀ ti ń yí oògùn padà, tí olè kò fi rí ààyè jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ló tì, ẹ rántí pé àwọn oògùn mìíràn náà ń gba irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kọjá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà níbẹ̀. Oògùn kòkòrò HIV lè wà níbẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn bá tì, wọ́n lè kó jọ sínú ara títí wọn óò fi di ewu. Kódà, àwọn èròjà kan wà tí a fi ń po oje ewé nínú yàrá ìwádìí, tí àwọn fúnra wọn ń ti ìlẹ̀kùn yìí. Bí olùwádìí kò bá ṣọ́ra, á máa yin ewé fún iṣẹ́ tí èròjà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ó lè yé wa. Ìgbà wo ni wọ́n lò ó? Ara ẹranko wo ni wọ́n ti lò ó? Ọ̀nà wo ló gbà ṣiṣẹ́? Ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn. Ewé tí kò bá tíì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnubodè ló ṣì wà, kò tíì wọ ìlú.

Ẹnìkan lè ní, "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, o ń ṣe àṣejù. Ewé tí baba wa ń lò látọjọ́ aláyé ti dáyé, kí ni a tún ń dán wò lára rẹ̀?" Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ mẹ́ta dáhùn.

Ẹ mọ ẹ̀yìn olóbe, ewé wẹ́wẹ́ tí èso rẹ̀ máa ń tò sábẹ́ ewé. Ní ọdún 1988, àwọn dókítà ní ìlú Madras, ní Íńdíà, ròyìn pé àwọn fún àwọn tó ní kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hẹpatáítìsì B ní ewé yìí, tí kòkòrò náà sì pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà ilẹ̀ mìíràn tún un ṣe, wọn kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹjọ́.

Ẹ tún mọ rérè, tó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn kan ń se ewé rẹ̀ mọ́ àgbo ibà. Ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ní Íńdíà, àwọn ọmọdé kan máa ń ṣàìsàn tó ń mú ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé kòkòrò kan ló ń fà á. Nígbà tí àwọn dókítà tọpa rẹ̀ dáadáa, wọ́n bá a nídìí èso rérè tí àwọn ọmọ náà ń já jẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Igi kan náà ni. Apá ibi tí a lò lára rẹ̀ àti bí a ṣe lò ó ló ṣe ìyàtọ̀.

Àpẹẹrẹ kẹta ni ata ilẹ̀ pupa. Nínú eku, àìmọye ìdánwò ló sọ pé ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀dọ̀ tí oògùn àti ewé bà jẹ́ ti ròyìn àwọn ènìyàn 10 tí ẹ̀dọ̀ wọn fara gbọgbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣe ní oògùn. Ọ̀kan nínú wọn kú. Èmi kò sọ pé kí ẹ má fi ata ilẹ̀ pupa se ọbẹ̀ o. Ìwọ̀n inú ọbẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n inú ike oògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé asà eku lè di ọfà lára àwọn ènìyàn kan.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fo ẹnubodè kankan? Lẹ́yìn eku àti èlírí, ó yẹ ká dán ewé wò lára ènìyàn díẹ̀ tó fínnúfíndọ̀ gbà, kí a mọ̀ bóyá ó láàbò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ ká dán an wò lára ènìyàn púpọ̀, kí a fi àwọn tó lò ó wé àwọn tí kò lò ó. Oògùn tí kò jẹ́, ewé ẹ̀ ni kò pé, bí àwọn àgbà ṣe wí. Lójú tèmi, ewé tí kò pé lára ọ̀pọ̀ ìwádìí wa ni ìdánwò lára ènìyàn yìí. Ó gba owó, ó gba ọdún, ó gba kí ìjọba àti àwọn olówó wa dá sí i. Eku ti ṣe tiwọn. Ó ku àwa ènìyàn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù wà láàárín wa. Ẹ wo àwọn tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń lo oògùn. Láti 1952 ni wọ́n ti ń lo ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, isoniazid, ó sì ti gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn là. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gún ẹ̀dọ̀ lára. Bí a bá rí ewé tó lè dáàbò bo irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdí oògùn lọ́wọ́, oore ńlá ni. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ikọ́ ife, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fi àgbo lé e láìsọ fún nọ́ọ̀sì yín. Bí ìtọ̀ yín bá dúdú, tí ojú yín pọ́n, tàbí tí oúnjẹ kò bá wọ ẹnu yín mọ́, ẹ lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí la wá lè ṣe nílé, kí ìwádìí tó parí? Ẹ jẹ́ ká máa wo ara páálí oògùn. Paracetamol kì í jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ara ríro, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì máa ń kọ gàdàgbà síwájú páálí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó ní kí ọmọ ilé ìwé bá òun kà á, tàbí kó bi ẹni tó ń ta oògùn pé, "Ṣé paracetamol wà nínú èyí?" Ẹ jẹ́ ká tún jáwọ́ nínú fífi paracetamol sínú ẹran kó lè tètè rọ̀. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ lórí ìyẹn. Bí ẹ bá sì ra àgbo inú ìgò, ẹ ka ara rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ óò rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹnubodè tí àgbo náà dúró sí ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ìyá wa ní Bódìjà. Lẹ́yìn tó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àwọn oògùn náà." Ó tú wọn jáde láti inú àpò owó rẹ̀. Mo ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn náà fún un. Paracetamol wà níbẹ̀, 500 mílígíráàmù nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ó ti lo 8 láti ibì kan, ó tún ń fi ti ọ̀fìnkìn lé e. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi rò pé orógbó á fọ̀ ọ́ ni."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Orógbó kọ́ ni ewu. Ewu ni kí ènìyàn gbọ́kàn lé asà tí a kò tíì dán wò tán, kó sì tìtorí rẹ̀ lọ pe ogun wá.

Mo sọ fún un pé, "Màmá, orógbó jẹ́ nínú eku. Ní ti ènìyàn, kò tíì kọjá gbogbo ẹnubodè. Ẹ dín oògùn kù, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀yìn tó ń ro yín yẹn." Ó gbà. Ó yọ oògùn ọ̀fìnkìn sọ́tọ̀, ó di èyí tó kù padà. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó mú orógbó méjì sí i, ó fi ṣe ènì fún mi. Ó ní, "Ti ọmọ tuntun nìyẹn. Kó gbó, kó tọ́. Kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì bá a dalẹ́."

Àmín ni mo ṣe. Èmi náà wá ṣe àdúrà náà fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi: kí ẹ̀dọ̀ wa bá wa dalẹ́.